Ẹ̀gà Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìlú Wa

Nígbà tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní Ìbàdàn, tí lékeléke sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé màlúù kiri lọ́nà Mọ́níyà, igbó ni ọkàn mi máa ń fà sí. Láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi ń wọ́ dànù ní Yúróòpù, ni àwọn ẹyẹ tí òtútù ń lé kúrò níbẹ̀ máa ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn. Inú mi máa ń dùn láti kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àlejò ni mo ṣe jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ní Sátidé mẹ́rin léra lọ́dún tó kọjá. Onílé ni mò ń wá.

Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa sọ: Malimbus ibadanensis, tí àwọn olùwòyẹ ń pè ní Ibadan malimbe. Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko tó ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1958. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀gà tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ, àmọ́ igbó ni tirẹ̀, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó wà nínú ewu ìparun, nítorí pé igbó tí ó ń gbé ni a ń gé fún oko, fún igi ìdáná àti fún ilé. Ó ń dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó mọ oríkì agboolé wọn dunjú kò tíì gbọ́ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà.

Igbó tí a ń lọ wà nínú ọgbà IITA, lọ́nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Òjóò. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó. Bàbá kan tó ti ṣọdẹ rí ló ń bá mi rìn. Ní Sátidé àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń gbé awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn sókè sódò lásán, ó rọra di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi, ojú nìkan kọ́ la fi ń wá ẹyẹ. Kọ́kọ́ lo etí.” Àkókó tí ń sọ igi gbígbẹ nìkan ni a gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kejì, mo rí ẹyẹ dúdú kan tí orí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àyà mi sì já. Bàbá ní kí n wo àyà ẹyẹ náà dáadáa. Dúdú ni. Red-headed malimbe, ìbátan ẹyẹ tí a ń wá, ni mo rí. Akọ ti Ìbàdàn máa ń pọ́n láti orí wá sí àyà, tí dúdú ojú rẹ̀ á sì wá dà bí ìbòjú. Òjò àrọ̀kẹ́yìn ló lé wa padà ní Sátidé kẹta.

Ní Sátidé kẹrin, etí ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, nítorí ohùn híhan bíi ti ẹ̀gà, ṣùgbọ́n tí kò pariwo tó o, ń ti òkè ibi tí àwọn ìtàkùn ti lọ́ mọ́ra wá. Ẹyẹ méjì ni. Akọ náà fi ẹsẹ̀ dirọ̀ mọ́ ìtàkùn, ó dorí kodò, ó ń tú ewé gbígbẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa kòkòrò kan yọ nínú ọ̀kan. Nígbà tó yípo, oòrùn bà á láyà. Ó pọ́n.

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n fi wọ inú igbó lọ. Bàbá bi mí pé, “Ṣé o rí i?” N kò lè dáhùn. Mo mú ìwé kékeré mi jáde, mo kọ 7:42 sí i, mo sì jókòó sórí gbòǹgbò igi tí a wà nídìí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.