Ṣé Ọ̀nà Ti Tán Ni?
Èmi àti àǹtí mi tí kò ríran jọ jáde láàárọ̀ yìí. Ọ̀pá wọn ń tọ bíríkì oníkókó tó wà lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti máa tọ́ àwọn tí kò ríran sọ́nà, irú èyí tí Seiichi Miyake ará Jàpáánì ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sílùú Okayama lọ́dún 1967. Kíá ni wọ́n ń rìn. Èmi gan-an ni mò ń sáré tẹ̀lé wọn.

Àfi gbàù! Ẹnìkan ti gbé ọkọ̀ sórí bíríkì náà. Àǹtí mi ń fọwọ́ wá ara ọkọ̀ náà kiri, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn lókùnkùn. "Ṣé ọ̀nà ti tán ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí dọ́kàn. Àárín títì la gbà kọjá, tí ọkọ̀ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú èyí ti ṣojú yín rí?