Ìpè kan tí mi ò pè

Òní ló pé ọjọ́ 41 tí mo fẹnu kan ọtí kẹ́yìn. Oṣù 9 láìmu ọtí ni mo ní tẹ́lẹ̀ o, oṣù 9 gbáko, mo wá fọwọ́ ara mi dà á nù lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún ara mi pé kò kúkú burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá nǹkan yìí jà bíi tèmi, ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣèèyàn, mi ò ní ṣàlàyé yẹn.

Wọ́n bú mi níbi iṣẹ́, lójú gbogbo èèyàn. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mo bọ́ sínú mọ́tò, nọ́ńbà àǹtí tó ń mójú tó mi nínú ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwa ọ̀mùtí tá a ń ran ara wa lọ́wọ́ ká lè jáwọ́, ló wà lókè pátápátá lórí fóònù mi, mo wò ó, mo ní rárá jàre, wọ́n á ti máa sinmi, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn gan-an? Mo ju fóònù sórí síìtì. Mo lọ ra ìgò kan. Mo ní ìdajì péré ni n ó mu.

Ìgbà tí mo máa lajú, ilẹ̀ ti ṣú. Aago 2 lọmọ mi ń jáde níléèwé.

Mi ò mọ bí mo ṣe wa mọ́tò débẹ̀, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Gbogbo iná iléèwé ni wọ́n ti pa àfi ti ẹnu géètì, ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá aṣọ́gbà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 8. Mo ti ju súìtì méjì sẹ́nu, bíi pé súìtì lè tan ọmọ ọ̀mùtí jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́ sí i. Ó súnmọ́ mi, ó gbóòórùn mi, ó padà sẹ́yìn. Kò sunkún o, ká ní ó sunkún ni ì bá sàn. Ó kàn ní, "Mọ́mì, mi ò wọ mọ́tò yẹn." Ó wá yíjú sí bàbá aṣọ́gbà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe dádì mi," ó sì ka nọ́ńbà yẹn lórí fún wọn látòkè délẹ̀. Bàbá yẹn ò wò mí lójú, bàtà mi ni wọ́n ń wò.

Ọmọ ọdún 8 mọ̀ pé ìpè ló kù. Èmi ò mọ̀.

Àwọn tó kù ò gùn. Bàbá ẹ̀ wá gbé e, mo pe àǹtí mi lóru, wọ́n wá, wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù (ẹ má dá ọtí dúró lójijì nínú ilé o tó bá ti wọ̀ yín lára gan-an, ó lè pààyàn, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí), lẹ́yìn náà mo padà sí mítìn.

Ibi bẹ́ẹ̀dì yẹn ni àǹtí ti tún ìtàn bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀ sọ fún mi. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, àṣé etí lásán ni mo fi ń gbọ́ ọ. Oṣù May 1935, Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mùtí méjì tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kúrò ní New York lọ sí Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio torí òwò kan, òwò yẹn fọ́ lójú ẹ̀. Oṣù December 1934 ló mu ọtí kẹ́yìn, kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó dúró nínú hòtẹ́ẹ̀lì Mayflower, apá kan ilé ọtí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, apá kejì fóònù. Fóònù ló lọ bá. Ó ń pe ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ kan ń gbé e dé òmíràn, títí ó fi kan obìnrin kan, Henrietta Seiberling, tó mọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tí ọtí ti fẹ́ bayé ẹ̀ jẹ́, Bob Smith. Ọjọ́ kejì, May 12, wọ́n pàdé. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 lòun máa fún un, àfi bí wọ́n ṣe jókòó sọ̀rọ̀ di alẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní, ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ rèé: Bill ò wá ẹni tó máa gba òun. Ọ̀mùtí bíi tiẹ̀ tí òun lè bá sọ̀rọ̀ ló ń wá. Ó ti ń wàásù fáwọn ọ̀mùtí ní New York fún oṣù mélòó kan, kò séyìí tó jáwọ́, Lois ìyàwó ẹ̀ ló wá rán an létí pé Bill fúnra ẹ̀ ò kúkú mu mọ́. Ẹ rí i? Èmi rò pé mò ń dí àǹtí lọ́wọ́, láìmọ̀ pé ìpè mi wà lára ohun tó mú àwọn náà dúró.

Dókítà Bob náà ṣubú o. Ó lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní Atlantic City, ó mu yó. June 10, 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó mu ìkẹyìn, ọjọ́ yẹn gan-an lẹgbẹ́ sì kà sí ọjọ́ ìbí ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi oṣù 9 mi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ lọ bá Dókítà Bob.

Àwọn tó sì ń sọ pé kí lobìnrin ń wá nídìí ọtí, 1939 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Marty Mann ti lọ sí mítìn nílé Bill ní Brooklyn, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ mítìn. Ọdún 1840 làwọn ọ̀mùtí mẹ́fà kan dá ẹgbẹ́ Washingtonian sílẹ̀ ní Baltimore, ó gbilẹ̀ bí iná inú ọyẹ́, ìjà lórí òfin ọtí wà lára ohun tó tú u ká láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ jẹ́ kí ará ilé yín náà ní tiwọn. Bàbá ọmọ mi ti ń lọ sí Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ará ilé ọ̀mùtí, èyí tí Lois wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951, mi ò bi í nípa ohun tó ń sọ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹrin, ẹ pe èèyàn. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ẹ pè é nígbà tọ́rọ̀ ṣì kéré, nígbà tójú ṣì ń tì yín, kẹ́ ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí.

Lálẹ́ àná, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ pè mí, ó ní òun ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ọmọ mi ò tíì wọ mọ́tò mi títí di òní, bàbá ẹ̀ ló ń gbé e.