Gèlè lẹ́yìn kábọ́ọ̀nù

Ìjẹ̀bú-Òde, alẹ́ Ọjọ́rú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ń múra ìdánwò kẹ́mísírì. Ó ti há ọ̀nà méjì tí nǹkan kan ń gbà rọ́pò òmíràn lára kábọ́ọ̀nù sórí bí orin: praimárì (kábọ́ọ̀nù tó so mọ́ kábọ́ọ̀nù kan), SN2, tẹ́ṣíárì (èyí tó so mọ́ mẹ́ta), SN1. Mo ní, “Neopentyl bromide ńkọ́?”

“Bọ̀ọ́dá, praimárì mà ni. SN2 rẹ̀ á yá kíá.”

Kò yá rárá. Bí a bá pe ìyára SN2 ti ethyl bromide ní 1, methyl á jẹ́ nǹkan bí 30, isopropyl 0.025, neopentyl 0.00001. Kábọ́ọ̀nù tó gbé bromine dání so mọ́ kábọ́ọ̀nù ẹyọ kan péré lóòótọ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò yẹn kó methyl (kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta) mẹ́ta jọ, wọ́n dí ẹ̀yìn pa. Ẹ̀yìn yìí gan-an ni nucleophile, ìyẹn ẹni tó fẹ́ gba ipò bromine, sì ń gbà wọlé nínú SN2, ní òdìkejì bromine. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni èkejì ń jáde. Mo ní kó rántí Ojúde Ọba: ẹni tó dá dúró, èèyàn lè yọ sí i lẹ́yìn kó tó mọ̀. Ẹni tí régbérégbé rẹ̀ yí ká, gèlè sí gèlè, ta ni yóò ráyè dé ẹ̀yìn rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ “gèlè” sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀.

SN1 kò gbà wá lákòókò. Bromine á kọ́kọ́ ṣí lọ fúnra rẹ̀, nucleophile á wá bá àyè òfìfo. Ìdí nìyí tí kíkún nucleophile kì í fi í mú un yá. Hughes àti Ingold ló fún wa ní orúkọ méjèèjì, ní London, ní àwọn ọdún 1930. Ti ẹni tó ń kúrò náà kò le: iodide ló tètè ń lọ jù, bromide tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà chloride, fluoride kì í fẹ́ dìde.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni solvent, ìyẹn ohun olómi tí a ń yọ́ wọn sínú rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn olùkọ́ máa ń sáré kọjá. Ẹ mú sodium azide (azide ni nucleophile níbí) àti 1-bromobutane (praimárì ni). Bí ìyára wọn bá jẹ́ 1 nínú methanol, ó tó 1,300 nínú DMSO (dimethyl sulfoxide), ó sì tó 5,000 nínú acetonitrile. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ azide! Háídírójìn tó wà lára ọ́síjìn methanol ló ń rọ̀gbà yí azide ká, tí kò jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. DMSO kò ní irú rẹ̀. Sodium ló ń dì mú, azide á wá wà lómìnira. SN1 ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi àti ọtí, torí wọ́n ń ran bromide lọ́wọ́ láti ṣí kúrò.

Nínú gbogbo ohun tí mo fojú rí ní láàbù, ti Finkelstein, ọdún 1910, níbi tí iodide ti ń rọ́pò bromide, ni mo fẹ́ràn jù. Sodium iodide ń yọ́ nínú acetone, sodium bromide kì í yọ́. Bí bromide bá ti ń jáde báyìí, ó ń di ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ ìgò, kò sì ráyè padà.

“Ó dáa, Bọ̀ọ́dá, bí wọ́n bá jẹ́ nucleophile, ṣé iodide náà ló ń ṣíwájú nínú DMSO, bó ṣe ń ṣe nínú methanol?”

Ìbéèrè gidi. Rárá o. Nínú methanol, fluoride ló ń kẹ́yìn, torí pé ó kéré, methanol sì ń dì í mọ́ra ju gbogbo wọn lọ. Nínú DMSO, òun ló ń ṣíwájú, iodide á wá kẹ́yìn.

Ó ní tábìlì òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kó fa ìlà kan sí i fún solvent kó tó lọ sùn.