Bí Mo Ṣe Mọ Ìborí Awọ fún Òṣèré Orí Ìtàgé

Òṣèré kan tó ń ṣe jagunjagun nínú eré tí wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Àṣà ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ló ní kí n bá òun ṣe ìborí awọ tí yóò bo orí, etí àti ẹ̀yìn ọrùn, tí kò sì ní yẹ̀ bí òun bá ń jó.

Mo fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé orí rẹ̀, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká títí ó fi dúró, mo wá fi báírò fa ìlà méjì láti iwájú orí dé ìpàkó kí n tó gé e kúrò. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ọ̀já kan fún àárín orí, àti ẹ̀gbẹ́ méjì. Mo fi díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé awọ tó ti mu omi máa ń sún kì bó bá gbẹ.

Awọ gan-an ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso bàgàrúwá, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ṣe, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Kánò láti ayébáyé, ló ń gba mímọ. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kúrómù ṣe rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í di bátànì tí a bá fún un mú. Awọ ẹ̀yìn màlúù ni mo yàn, èyí tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3, nítorí pé awọ ikùn máa ń fà jù, kì í sì í dúró.

Lẹ́yìn tí mo gé awọ náà ní ọ̀nà mẹ́ta yẹn, tí mo sì rán an tán, mo rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tó gbóná jù yóò sún un kì, yóò sì mú kó le débi tí yóò fi máa kán. Nígbà tí mo yọ ọ́ nínú omi, tí àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ti tẹ́lẹ̀, mo fà á bo orí igi ọ̀mọ̀ tí mo gbẹ́ ní ìwọ̀n orí òṣèré náà, mo sì ń fi ìwo màlúù dídán ra ojú rẹ̀, láti àárín lọ sí ìsàlẹ̀, títí ìlà iwájú orí àti kòtò ìpàkó fi hàn ketekete. Ìṣó idẹ ni mo fi kàn án mọ́ igi létí, torí pé bí irin bá kan irú awọ yìí nígbà tó tutù, ibẹ̀ yóò dúdú kirikiri, kò sì ní ṣeé fọ̀. Ohun kan náà yìí ni àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò bí wọ́n bá fẹ́ pa awọ ní dúdú: wọn a rẹ irin dídípẹtà sínú omi kíkan, wọn a fi pa á.

Ibòòji ni mo gbé e sí. Ní àsìkò òjò ní Ìbàdàn, awọ lè bu bí afẹ́fẹ́ kò bá kan án. Nígbà ọyẹ́, ojú rẹ̀ yóò gbẹ ṣáájú inú, yóò sì sán.

Ihò etí ni mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí òṣèré náà wá dé e wò, nítorí ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìyá ìlù kó tó mọ ìgbà tí yóò wọlé. A jọ wá ibi tó yẹ ká lu, mo gé e, mo sì fi ìda oyin pa etí ihò náà.