Rédíò Àwọn Ọmọ Saint Helena

Ọjọ́ Àìkú

Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti tan rédíò àwọn ará Saint Helena lórí fóònù, mo gbé e ti igbá ẹ̀wà tí mo ń ṣà. Saint FM lorúkọ ilé iṣẹ́ náà, Jamestown tí í ṣe olú ìlú erékùṣù wọn ló wà. Atọ́kùn ètò ń ka ìkíni ọjọ́ ìbí. Ó dárúkọ ìyá àgbà kan, ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí kálukú wọn wà: ọ̀kan ní erékùṣù Ascension, ọ̀kan ní àwọn erékùṣù Falkland, méjì ní Ìlú Ọba. Kò kánjú rárá. Ó ṣi orúkọ ọmọ-ọmọ kan pè, ó tọrọ àforíjì, ó tún un pè dáadáa, ó wá fi orin kọ́ńtìrì tẹ̀ lé e. Aago mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ tiwọn nígbà yẹn, aago márùn-ún ìdájí sì ni ní Falkland. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún lè máa wẹ̀ lọ́wọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó sì gbọ́ tí ará ilé ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Àárín Òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù ni Saint Helena wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà kéèyàn tó ti ibẹ̀ kan etíkun Áńgólà. Nínú ìwé ìtàn, ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ kò ju pé ibẹ̀ ni wọ́n kó Napoleon, olú ọba Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun, lọ ní 1815, tó sì kú síbẹ̀ ní 1821. Ó dùn mí pé ibẹ̀ la parí rẹ̀ sí, nítorí àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn ní 2021, wọn ò tó 4,500. Iṣẹ́ ò pọ̀ nílé, owó oṣù ò tó nǹkan, nítorí náà ó ti pẹ́ tí bàbá ti ń fi ilé sílẹ̀, tí ìyá ń fi ọmọ ti màmá rẹ̀, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí erékùṣù mìíràn. Àwọn kan wà ní Falkland, ní ibùdó ológun Mount Pleasant, níbi tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ń fọ nǹkan, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn kan wà ní Ascension tó jìn tó 1,300 kìlómítà sílé.

Ascension ló máa ń ká mi lára jù. Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Àfi kéèyàn níṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí kó jẹ́ ará ilé ẹni tó níṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kó ẹrù rẹ. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó tọ́ ọmọ níbẹ̀, kò lè sọ pé òun fẹ́ dàgbà síbẹ̀. Ta ni yóò wá fi ọkàn sí irú ibẹ̀? Ilé ni gbogbo wọn ń wò.

Ọ̀nà kan wà tí èmi náà gbà mọ Ascension láìmọ̀. Láti 1966 ni BBC ti ní ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, ní English Bay, tó ń fi short wave, ìgbì rédíò tó ń rìn jìnnà, ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Bàbá mi kì í jẹun alẹ́ láìgbọ́ ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù. Yóò máa yí bọ́tìnì rédíò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa han, tí yóò máa dún ṣìì, títí ohùn yóò fi jáde. Èmi rò pé láti Lọ́ńdọ̀nù tààrà ló ti ń wá. Àwọn ọmọ Saint Helena wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ yẹn. Àwọn ló ń bá wa gbé ohùn ẹlòmíràn dé yàrá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn ilé tiwọn ni etí wọn ń wá.

Ọjọ́ Kérésìmesì 1967 ni Radio St Helena bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Kérésìmesì 2012 ni wọ́n sì tì í pa. Saint FM tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dákẹ́ ní oṣù yẹn kan náà. Àmọ́ ní oṣù kẹta 2013, àwọn ará ìlú gbé e dìde gẹ́gẹ́ bí rédíò tiwọn, tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń bá wọn ṣe. Wọ́n ń ta á látagbà ní Ascension àti ní Falkland, kí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ lè gbọ́ ọ lórí rédíò lásán.

Ẹ rántí bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Títí di oṣù kẹwàá 2017, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń ná Saint Helena. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, RMS St Helena, ló ń gbé èèyàn, lẹ́tà àti oúnjẹ. Fóònù alágbèéká kò débẹ̀ títí di 2015. Bí a ti ń wí yìí náà, ọkọ̀ òfuurufú láti ibẹ̀ sí Ascension, bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Bí ìyá ẹni bá kú lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ ò sí, wọ́n á sin ín kó tó délé. Mo máa ń ro ti ẹni bẹ́ẹ̀. Kò lè bu erùpẹ̀, kò lè jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn aládùúgbò kò lè wá kí i pé Ọlọ́run yóò tu wọ́n nínú. Bí rédíò ilé bá dárúkọ òkú náà, tí wọ́n sì pe òun náà mọ́ àwọn ọmọ olóòkú, ó ti wà lára wọn nìyẹn.

Láti 2023 ni íntánẹ́ẹ̀tì tó yára ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Okùn abẹ́ òkun Equiano ló gbé e dé, èyí kan náà tó gúnlẹ̀ ní Lọ́mé àti ní Èkó. Rupert's Bay ló ti wọ Saint Helena, lẹ́nu àfonífojì tí wọ́n sin ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Áfíríkà sí, àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lẹ́yìn 1840 ṣùgbọ́n tí wọn ò yè é. Orúkọ Olaudah Equiano, ẹni tó ti ṣẹrú rí, ni wọ́n fi sọ okùn náà. Mo ka ìyẹn, mo kàn dákẹ́ ni.

Àwọn kan á ní pẹ̀lú WhatsApp, kí ni rédíò tún wà fún? Èmi ò gbà. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ epo lójú òkun. Ojoojúmọ́ la ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Síbẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti béèrè àlàáfíà màmá, ohun tó máa ń bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyá onímọ́ínmọ́ín ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń tà? Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n wá fi jẹ baálẹ̀ yẹn?” Àdúgbò ló ń wá, mi ò sì lè ròyìn àdúgbò tán fún un.

Nítorí náà, mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwa ará ilé àwọn atukọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. FM wọn kò lè dé ojú òkun, mo mọ̀. Kí wọ́n gbà á sílẹ̀, àwa á fi ránṣẹ́. Mo tiẹ̀ ti bá ìyá onímọ́ínmọ́ín sọ̀rọ̀. Ó ní òun á wá, pé kí n ṣáà má jẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ tí òun ń lọ ra ẹ̀wà lọ́jà.