Àpò Kẹ̀kẹ́, Apá Keje: Òjò Fi Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé Hàn Mí

Inú yàrá kékeré kan ní Dieppe, ní ilẹ̀ Faransé, ni mo ti ń kọ èyí. Ìbọ̀sẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ amúlégbóná, inú mi sì ń dùn ju bó ti yẹ kí inú ẹni tí òjò pa láti àárọ̀ dùn lọ.

Àpò méjì tí mo fi kánfáàsì rán fúnra mi láti so mọ́ káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí mo sì fi ìda kùn kí omi má baà wọlé, ni mo ń dán wò. Ìda ti wọ ara aṣọ dáadáa, ẹnu àpò ń ká bí mo ṣe fẹ́, káríà sì gba ẹrù láìmì. Ọ̀rọ̀ omi nìkan ló kù.

Ní èbúté Newhaven ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí, gbangba ni àwa oníkẹ̀kẹ́ dúró sí láàárín àwọn mọ́tò kí wọ́n tó ní kí a wọlé. Kí n tó ti kẹ̀kẹ́ gun irin tó ń yọ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi, kí òṣìṣẹ́ kan sì fi okùn dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, aṣọ tó wà nísàlẹ̀ àpò òsì ti rin. Wọn kì í gba èrò láàyè láti dúró lọ́dọ̀ àwọn mọ́tò bí ọkọ̀ bá ti ṣí, nítorí náà mo já àpò náà, mo gbé e lọ sókè.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni ìrìn náà. Ojú ìrán, ìyẹn ibi tí mo ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú so aṣọ pọ̀, ni mo ti ń fura sí láti apá kẹrin. Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìda sí i, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun yọ́ ọ wọlé. (Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ìdí tí mo fi pò ìda oyin mọ́ paraffin, ìyẹn ìda àbẹ́là: paraffin nìkan máa ń sán bí òtútù bá mú un, ìda oyin tí a pò mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kó sán. Ní ti kánfáàsì náà, ẹni tó tà á fún mi lọ́jà ní ìlà-oòrùn London ní ó nípọn bí awọ. Mo gbé e sókè sí iná nílé, mo rí ìka ọwọ́ mi.) Ohun tí mo pinnu ni pé kí n tú ojú ìrán palẹ̀ bí mo bá padà délé, kí n sì tún un rán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó kéré sí i.

Ṣùgbọ́n mo ní ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́. Mo kó ẹrù kúrò, mo tẹ́ abala ìwé kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan nínú àpò, mo ká ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá òjò mọ́ irin. Nígbà tí mo tú u lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ìdí àpò gbẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbẹ; abala tó wà lẹ́yìn, níhà ibi tí ìkọ́ wà, nìkan ló ní àmì méjì, róbótó bíi kọ́bọ̀, tí omi ti ń ṣàn bọ̀ láti ara wọn. Ìdí méjì tó wà lókè nínú àwọn bóòtù, irin tó de ìkọ́ mọ́ àpò, ni! Ẹrù ti fa ihò aṣọ gùn níbẹ̀, wọ́ṣà onírin kò sì lè tẹ̀ mọ́ aṣọ kó dí i, bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ń ju omi sí ojú ibẹ̀ gan-an.

Rọ́bà ló yẹ ibẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, kò sí fọkanáísà tí kì í gé wọ́ṣà láti ara tíúbù tó ti gbó, n kò sì mọ ohun tó mú mi gbàgbé. Tíúbù kan ṣoṣo ni mo mú dání, n kò fẹ́ gé e. Ìyá àgbà kan tí òun náà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Forges-les-Eaux ló fún mi ní èyí tí wọ́n ti lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àlùmágàjí kékeré ni mo fi gé wọ́ṣà mẹ́jọ, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta fún bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ní lọ́kàn láti gùn dé Arques-la-Bataille lálẹ́ yìí, níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe sórí ojú irin àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo gbé àpò sábẹ́ omi ní balùwẹ̀. Bóòtù òkè gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nísàlẹ̀ ṣì ń kán, nítorí pé mo gé ihò wọ́ṣà rẹ̀ fẹ̀ jù. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí òmíràn, mo fi agbára tì í kọjá ìdí bóòtù, omi sì dáwọ́ dúró.

Àpò ọ̀tún ló kàn lówùúrọ̀. Rọ́bà tó kù tó wọ́ṣà mẹ́fà péré, nítorí náà bóòtù òkè méjèèjì ni yóò gba méjì-méjì, ti ìsàlẹ̀ yóò sì gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan níta.