Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ méjì tó gbé mi dé Àjàṣẹ́

Fótò bàbá mi kan wà nílé, bírò ni wọ́n fi kọ "Porto-Novo, 1964" sẹ́yìn ẹ̀, Àjàṣẹ́ náà nìyẹn, ìgbà yẹn Dahomey ni wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè ibẹ̀, 1975 ni wọ́n tó yí i sí Benin. Bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì kan tí iwájú ẹ̀ mọ́, tí apá àti kọ́là ẹ̀ dúdú. Amẹ́ríkà nirú ẹ̀ ti jáde nígbà ogun Hitler àti lẹ́yìn ẹ̀, "Hollywood jacket" làwọn kan ń pè é, ó máa ń fẹ̀ lára, éjìká ẹ̀ gbòòrò, gábádíìnì sì wà lára aṣọ tí wọ́n fi ń rán an. Mo wá a ní Katangowa, ọjà òkìríkà l'Ékòó, títí ẹsẹ̀ fi dùn mí, kóòtù òṣìṣẹ́ báńkì ni mo ń rí ṣáá.

Mo bá ní kí n kúkú lọ síbi tí fótò ti wá. Ìdí-Ìrókò ni mo gbà, mo sọdá sí Ìgolo, mo wọ takisí, èmi àti ìyá kan tó gbé adìẹ lẹ́sẹ̀ la jọ fún ara wa níwájú dé Àjàṣẹ́.

Ọjà Ouando ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyá tó ń ta òkìríkà wo fótò, ó rẹ́rìn-ín, "Ọmọ mi, èyí ò sí lọ́jà mọ́, lọ jẹ́ kí wọ́n rán an." Òun ló júwe bàbá télọ̀ kan fún mi, ìtòsí mọ́ṣáláṣí ńlá táwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá àtàwọn ọmọ wọn, kọ́, èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn (mo dúró wò ó, mi ò tètè gbà pé mọ́ṣáláṣí ni).

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Òo, kú ìrìn. Fẹ́sì yìí mà dáa o!"

Mo ní rárá o bàbá, kì í ṣe ti abẹ́, ti òkè ni. Ọmọṣẹ́ wọn rẹ́rìn-ín títí, àṣé jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní fẹ́sì, Faransé ni.

Bàbá wá ní, "Àwọ̀ wo?" Ẹnu mi wọhò. Fótò dúdú-àti-funfun! Mo pe mọ́mì, wọ́n ní búráùn àti kírímù. Mo pe àbúrò bàbá mi, wọ́n ní irọ́ ni, àwọ̀ ewé àti eérú ni. Mo gba ti mọ́mì torí àwọn ló ń fọ̀ ọ́.

Mo lọ ra aṣọ méjèèjì lọ́jà, mo gbé e dé, bàbá fi ọ̀kan há ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan há ọwọ́ òsì, wọ́n jẹ́ kí wọ́n wálẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Kírímù fúyẹ́, búráùn wúwo. "Tí mo bá rán èyí, apá á máa fa iwájú, kọ́là á ká, wàá dà bí ẹni tí wọ́n wọ́ lọ́rùn." Inú bí mi díẹ̀ torí mo ti sanwó, àmọ́ nígbà témi náà dì wọ́n mú, òótọ́ ni. Mo padà lọ pààrọ̀ ẹ̀, mo fi owó lé e. Wọ́n rẹ méjèèjì sómi mọ́jú, kí wọ́n ti súnkì tán kí síṣọ́ọ̀sì tó kàn án. Òwú méjì ni wọ́n fi rán an, bí àwọ̀ bá ti yí, wọ́n á yọ òwú ẹ̀rọ, wọ́n á ki òmíì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ o, mi ò lè ní irú sùúrù yẹn láyé.

Ọjọ́ mẹ́ta, 15,000 séfà. Mo ti gbọ́ pé aṣọ tuntun nínú báàgì, ọjà ni wọ́n ń pè é ní bọ́dà, mo bá wọ̀ ọ́ sọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán, òógùn ń ṣàn dé bàtà. Ọkùnrin tó gba ìwé mi wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ìyàwó dà?"